Wenceslaus Hollar: Ẹni tí ó fi Abẹ́rẹ́ Gba Ojú Lọ́ńdọ̀nù Lọ́wọ́ Iná

Bí ọmọ wa kan bá dé Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tí ó sì dúró ní etí odò Thames, yóò rí àwọn ilé gogoro, yóò rí afárá oríṣiríṣi, yóò sì rí ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul pẹ̀lú òrùlé rẹ̀ tí ó rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ohun tí kò ní í rí ni Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn ará ìgbà Shakespeare mọ̀. Ní ọdún 1666 iná sọ ní ìlú náà, ó sì jó o fún ọjọ́ mẹ́rin, ó jó ilé tí ó tó 13,200, ó sì jó ṣọ́ọ̀ṣì 87 mọ́ ọn. Síbẹ̀, bí a bá bi àwọn òpìtàn léèrè bí ìlú náà ti rí kí iná tó dé, wọn yóò na àwòrán kan sí wa, nínú èyí tí a ti lè ka ilé agogo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì rí ọkọ̀ kéékèèké lórí omi. Ẹni tí ó fín àwòrán náà kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Àlejò ni, ẹni tí ogun lé kúrò ní ilé rẹ̀, tí wọ́n sì ń san kọ́bọ̀ mẹ́rin fún ní wákàtí kan. Orúkọ rẹ̀ ni Wenceslaus Hollar, ìtàn rẹ̀ ni a ó sì sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Ní Prague, olú-ìlú ilẹ̀ Bohemia, ni a gbé bí i ní oṣù Keje ọdún 1607. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni baba rẹ̀ ní ìlú náà, ìfẹ́ baba sì ni pé kí ọmọ kọ́ ìmọ̀ òfin, kí òun náà lè jókòó sí ipò tí ó ní láárí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwòrán ni ọmọ yàn. Bí ó bá tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ baba rẹ̀, ta ni ó mọ̀ bóyá ipò náà ì bá ṣẹ́ kù dè é? Kò tíì pé ọmọ ọdún 11 nígbà tí ogun tí ó jà fún ọgbọ̀n ọdún ní Yúróòpù bẹ́ sílẹ̀ láti Prague gan-an, ní ọdún 1618. Ní ọdún 1620 wọ́n ja ogun Òkè Funfun lẹ́bàá ìlú náà, àwọn ará Bohemia tí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí ọba wọn sì ṣubú. Ní ọdún kejì rẹ̀ a pa 27 nínú àwọn aṣáájú wọn ní gbangba ìlú. Ojú ọmọdé ni Hollar fi rí ìgbà náà. Ní ọdún 1627 ó di ẹrù rẹ̀, ó fi ilé sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ilẹ̀ Jámánì bí ọmọṣẹ́ tí ń wá ọ̀gá.

Ó dé Stuttgart, ó dé Strasbourg, ó sì dé Frankfurt, níbi tí ó ti bá Matthäus Merian ṣiṣẹ́. Merian yìí ni gbajúmọ̀ nínú àwọn tí ń tẹ àwòrán ìlú tà ní ìgbà náà, a sì lè wí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọwọ́ Hollar ti le nínú iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ di olókìkí. Lẹ́yìn èyí ni ó tẹ̀dó sí Cologne. Iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò sí.

Ní ọdún 1636 ni orí bá a ṣe é. Ọba Charles Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ìjòyè ńlá kan, Thomas Howard, Olóyè Arundel, ní ikọ̀ sí Ọba ńlá ilẹ̀ Jámánì. Nínú gbogbo ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn àwòrán àti ère tó Arundel. Owó tí ó ná lé wọn lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ilé rẹ̀. Nígbà tí ó dé Cologne ó rí iṣẹ́ ọwọ́ Hollar, ó sì gbà á sí ọ̀dọ̀. Báyìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá àwọn ikọ̀ wọ ọkọ̀ lórí odò Rhine, tí ó ń ya gbogbo ìlú àti òkè tí wọ́n ń kọjá bí wọ́n ti ń lọ. Ọ̀nà náà gbé wọn dé Prague. Ó dúró ní orí òkè, ó ya ìlú tí a gbé bí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ká ìwé náà mọ́ ẹrù. Ọdún 13 lẹ́yìn náà, ní ilẹ̀ àjèjì, ni ó tó fín in sórí bàbà.

Kí ọdún 1636 tó parí wọ́n ti dé Lọ́ńdọ̀nù, Hollar sì ń gbé lábẹ́ ojú rere ìjòyè náà. Ọdún díẹ̀ yìí ni ó dára jù lọ nínú ayé rẹ̀. Ó ya Greenwich, ó ya aṣọ àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì láti orí ìyálé ọlọ́lá dé orí obìnrin ọlọ́jà, ó sì fẹ́ Margaret Tracy ní ọdún 1641, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe ìránṣẹ́ aya Arundel. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ni ìyàwó yìí bí fún un.

Ogun kò jẹ́ kí ó pẹ́. Ní ọdún 1642 ọba àti Ilé Ìgbìmọ̀ gbé idà sí ara wọn. Arundel ti kọjá sí òkè òkun ní ọdún náà kan náà, kò sì padà mọ́; ní Padua ní ilẹ̀ Ítálì ni ó kú sí ní ọdún 1646. Àlejò tí kò ní olúwa mọ́, kí ni yóò ṣe ní àárín ogun àwọn onílé? Ní ọdún 1644 Hollar kó lọ sí Antwerp, ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù báyìí. Ìgbà kejì nìyí tí ogun lé e.

Antwerp yìí ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí a ń torí rẹ̀ dárúkọ rẹ̀ jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí a sọ bí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti rí àwọn tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ lè rò pé bákan náà ni. Kì í ṣe bákan náà. Afíngbá ń fi agbára ọwọ́ rẹ̀ gé igbá. Oníṣẹ́ yìí kì í gé bàbà rárá. Yóò mú àwo bàbà tí a ti dán, yóò yáná sí i, yóò sì fi ìda pa á lójú. Yóò fi èéfín àbẹ́là sọ ìda náà di dúdú. Lẹ́yìn náà ni yóò mú abẹ́rẹ́, yóò sì máa fi ya àwòrán rẹ̀ nínú ìda, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí abẹ́rẹ́ bá kọjá yóò máa ṣí bàbà sílẹ̀, tí yóò máa dán bí okùn wúrà. Nígbà tí ó bá parí, yóò da omi kíkan kan lé e, èyí tí ó lè jẹ irin àti bàbà run. Omi náà kò lè ran ìda. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣí nìkan ni yóò jẹ. Bí ó bá tètè da omi náà nù, ilà yóò tín-ín-rín. Bí ó bá pẹ́, ilà yóò jìn, yóò sì dúdú lórí ìwé. Bí ó bá sì gbàgbé, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta bàjẹ́ ní wákàtí kan. Lẹ́yìn èyí a ó nu ìda kúrò, a ó fi tàdáwà kún ojú ilà, a ó nu orí bàbà mọ́, a ó sì fi ìwé tútù lé e nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wúwo. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ òsì lórí bàbà yóò bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lórí ìwé. Nítorí náà gbogbo ìlú ni Hollar ní láti yà ní ìdàkejì, àti orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan tí ó kọ sí i pẹ̀lú.

Kí ó tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti gun orí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour ní Southwark, ní gúúsù odò, ó sì ti ya ohun tí ó rí sílẹ̀. Ilé agogo náà ṣì dúró títí di òní, a sì ń pe ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Kàtídírà Southwark láti ọdún 1905. Àwọn ìwé tí ó yà yìí ni ó kó lọ sí Antwerp. Ibẹ̀, níbi tí kò ti lè fi ojú rí odò Thames mọ́, ni ó ti jókòó fín gbogbo ìlú sórí àwo bàbà mẹ́fà. Nígbà tí a tò ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Ní ọdún 1647 ni Cornelis Danckers, òǹtẹ̀wé ní Amsterdam, gbé e jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ya Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tiwọn dà bí ẹni pé ayàwòrán ń fò bí ẹyẹ láti ibì kan dé ibì kan, tí ó sì ń kó ohun gbogbo sí ojú kan. Hollar kò fò. Ó dúró sí ojú kan ṣoṣo, ó sì ń yí ọrùn láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn. Ohun tí ojú ènìyàn lè rí láti orí ilé agogo yẹn nìkan ni ó yà. Odò náà wọ́ kọ́lọkọ̀lọ kọjá níwájú rẹ̀ bí ejò. Afárá Lọ́ńdọ̀nù ń bẹ níbẹ̀, pẹ̀lú ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé àdúgbò kan ni, àti ẹnubodè gúúsù rẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń gbé orí àwọn ọ̀dàlẹ̀ kọ́ sórí ọ̀pá. St. Paul àtijọ́ ń bẹ ní òdìkejì odò, ó gùn, ó sì ga ju gbogbo ilé lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣóńṣó orí rẹ̀ kò sí mọ́ láti ìgbà tí mànàmáná ti jó o ní ọdún 1561. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́sẹ̀ ayàwòrán, ni òrùlé àwọn ará Southwark wà, pẹ̀lú ọgbà àti igi wọn.

Níbẹ̀ náà ni ilé roboto méjì wà. Ọ̀kan ni ilé ìṣeré Globe, èyí tí a tún kọ́ ní ọdún 1614 lẹ́yìn tí iná ti jó ti ìṣáájú, níbi tí Shakespeare ti ń ṣeré. Èkejì ni ilé tí wọ́n ti ń dẹ ajá sí ẹranko béárì kí àwọn ènìyàn lè wò ó ṣe àríyá. Hollar kọ orúkọ sí méjèèjì, ó sì ṣi wọ́n kọ: ó pe Globe ní ilé béárì, ó pe ilé béárì ní Globe. Ẹni tí ó ti mọ bí a ti ń kọ̀wé ní ìdàkejì, láti inú ìwé tí a yà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ìlú mìíràn, kò ní í bá a wí púpọ̀. Kí àwòrán náà tó jáde ni a ti wó Globe lulẹ̀, nítorí náà kò sí ilé kankan níbẹ̀ tí a lè lọ wò láti fi tún un ṣe. Nígbà tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ tún Globe kọ́ ní ìgbà tiwa, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1997, ìwé tí Hollar yà lórí ilé agogo náà wà lára ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi wá ìwọ̀n ilé àtijọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ní Antwerp yìí kan náà, ní ọdún 1645, ó fín orí àwọn ènìyàn dúdú mélòó kan, ọmọkùnrin àti obìnrin. Kò fi wọ́n ṣe ẹ̀sín bí àwọn mìíràn ti ń ṣe. Bí ó ti ya ojú ọlọ́lá ni ó ya tiwọn. A kò mọ orúkọ wọn.

Ní ọdún 1652 ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti bẹ́ orí Ọba Charles, ilé Arundel sì ti tú. Ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ni ó bọ́ sí. Ní iṣẹ́ yìí ẹni tí ó bá ni àwo bàbà ni ó ni ọjà: ó lè tẹ ìwé ọgọ́rùn-ún, ó lè tẹ ẹgbẹ̀rún, ẹni tí ó fín in kò sì ní í gba ju owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní kọ́bọ̀ mẹ́rin owó Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń san fún Hollar ní wákàtí kan, tọ́rọ́ kan àti kọ́bọ̀ kan péré. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kí ó tó rí pọ́n-ùn kan gbà, yóò ti tẹ̀ ba lórí bàbà fún 60 wákàtí. Ìgò oníyanrìn tí wọ́n fi ń wọn àkókò máa ń wà níwájú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wọlé láti bá a sọ̀rọ̀, tàbí bí ó bá fẹ́ dìde, yóò dá ìgò náà dùbúlẹ̀ kí yanrìn má bàa dà. Ìṣẹ́jú tí kò ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ inú owó ọlọ́wọ́. Èmi kò tíì gbọ́ pé òǹtẹ̀wé kan rí èyí kí ó sì fi kọ́bọ̀ kan lé owó rẹ̀.

Ohun tí ó ṣe ní ọdún wọ̀nyẹn kò lóǹkà. Ó fín St. Paul, inú àti òde, fún ìwé tí ọ̀mọ̀wé William Dugdale gbé jáde ní ọdún 1658. Margaret kú, ó sì fẹ́ Honora Roberts ní ọdún 1656, ọmọ sì ń pọ̀ sí i nínú ilé. Ó wá dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tí ó fẹ́ kí ó jẹ́ tirẹ̀: àwòrán ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù tí yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí yóò sì fẹ̀ ní márùn-ún, tí a ó ti rí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìdúró rẹ̀. Ní ọdún 1660 ó tẹ ìwé káàkiri pé kí àwọn ọlọ́lá san owó sílẹ̀ kí iṣẹ́ náà lè parí. Owó náà kò tó. Nínú gbogbo rẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo ni ó kù ní ayé.

Ní ọdún 1665 àjàkálẹ̀ àrùn wọ Lọ́ńdọ̀nù, ìwé àkọsílẹ̀ ìlú sì ka òkú tí ó ju 68,000 lọ. Ọmọkùnrin rẹ̀, tí Margaret bí fún un, wà lára wọn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wí pé ọwọ́ rẹ̀ ti dára nínú àwòrán yíyà, ìrètí baba sì wà lára rẹ̀.

Ọdún kò yí po dáadáa kí iná tó dé. Ní òru ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1666 ni ó sọ ní ilé oníbúrẹ́dì kan ní Pudding Lane. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn gbé e, igi ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé, òpópó sì há. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹrin, St. Paul ti jóná, òjé orí rẹ̀ ti yọ́ ṣàn lọ ní títì. Nínú oṣù náà kan náà Ọba Charles Kejì rán Hollar àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé kí wọ́n lọ wọn ibi tí ó jó. Ó rìn láàárín eérú náà. Ó sì tún gun orí ilé agogo Southwark, èyí tí iná kò dé, ibi kan náà tí ó ti dúró ní ọ̀dọ́. Ó ya ohun tí ó kù, ó sì tẹ ìlú méjèèjì sórí ìwé kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀: Lọ́ńdọ̀nù kí iná tó jó, àti Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn iná. Odò kan náà ni, àwọn ilé agogo kan náà ni, ṣùgbọ́n ní ti ìsàlẹ̀ ògiri lásán ni wọ́n, ojú sánmà sì ń yọ láti inú fèrèsé wọn. Ẹni tí ó bá ti pàdánù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó wà.

Ọba fi í jẹ oyè ayàwòrán ìlú fún ọba. Oyè yẹn kò mú oúnjẹ wá sílé bí ó ti yẹ. Ní ọdún 1669 ó bá Henry Howard, ọmọ-ọmọ Arundel tí ó gbà á ní ọjọ́sí, lọ sí Tangier ní etí òkun ilẹ̀ Mòrókò, èyí tí ó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà náà, kí ó lè ya odi àti ilé ìlú náà fún ọba. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ ní oṣù Kejìlá, ọkọ̀ ogun meje láti Algiers dojú kọ ọkọ̀ wọn, Mary Rose, wọ́n sì jà títí àwọn ará Algiers fi padà lẹ́yìn. Ọkùnrin ẹni ọdún 62 yìí wà nínú ọkọ̀ náà, nígbà tí ó sì délé ó fín ìjà náà sórí bàbà. Fún gbogbo ìrìn àjò yìí, lẹ́yìn tí ó ti bẹ̀bẹ̀ títí, £100 ni wọ́n fún un.

Ó ṣiṣẹ́ títí dé òpin. Nígbà tí a ka àwo tí ó fín ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, wọ́n tó nǹkan bí 2,700. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Aubrey jẹ́rìí sí i pé onínúure ènìyàn ni, ṣùgbọ́n kò ní ọgbọ́n ayé, kò sì kú ní ọlọ́rọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1677, bí ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ilé rẹ̀ ní Westminster, wọ́n ní àwọn akódà kóòtù wọlé nítorí gbèsè, wọ́n sì fẹ́ kó ẹrù. Kò sí ohun tí ó níye lórí nínú yàrá náà ju ibùsùn tí ó wà lórí rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun kú sórí rẹ̀ ná. Wọ́n sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St. Margaret. Ní ọdún náà, St. Paul tuntun ń gòkè bọ̀ ní òdìkejì ìlú, àwọn òǹtẹ̀wé sì ń fi tàdáwà pa àwọn àwo bàbà rẹ̀ lójú, wọ́n ń tẹ Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́ tà.